Skọ́tílándì àti Ìlú Ọba: tó bá jẹ́ ìwọ ni, ṣé wàá ní kí wọ́n pínyà?

Ọmọ Ìyìn

Ẹ̀yin ọmọ Èkìtì kete, mo kí yín o. Ẹ̀yin àgbà, ẹ kú ìjókòó. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, ẹ kú iṣẹ́ òòjọ́.

Ọ̀rọ̀ kan ló ń jẹ mí lọ́kàn. Gbogbo ibi tí wọ́n bá ti ń sọ̀rọ̀ Yoruba Nation lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹnì kan á ṣáà fi Skọ́tílándì ṣe ẹ̀rí. Ẹni tó ní ká lọ á ní, "Ẹ wo Skọ́tílándì, wọ́n dìbò, ẹnikẹ́ni ò yìnbọn." Ẹni tó ní ká dúró á ní, "Ẹ wo Skọ́tílándì, wọ́n dìbò, wọ́n ní àwọn ò lọ mọ́." Tẹ́ ẹ bá wá ní kí wọ́n ṣàlàyé ohun tó ṣẹlẹ̀ níbẹ̀ gan-an, ariwo ni wọ́n máa fi dá yín lóhùn.

Ohun tí èmi mọ̀ rèé. Ní 18 oṣù kẹsàn-án 2014, wọ́n bi àwọn tó ń gbé Skọ́tílándì ní ìbéèrè kan ṣoṣo: ṣé ó yẹ kí Skọ́tílándì di orílẹ̀-èdè olómìnira? Ìbò 2,001,926 ní bẹ́ẹ̀ kọ́, 1,617,989 ní bẹ́ẹ̀ ni. Ìyẹn jẹ́ ìdá 55.3 sí ìdá 44.7 nínú ọgọ́rùn-ún. Ẹgbẹ́ òṣèlú SNP tó ń jà fún òmìnira, tó sì ń ṣèjọba níbẹ̀, ò gbà pé ọ̀rọ̀ ti tán síbẹ̀.

Ìbéèrè mi ni pé, tẹ́ ẹ bá jẹ́ ará ibẹ̀, èwo lẹ máa dì? Àwa tí a kúrò lára Oǹdó lọ́dún 1996 ńkọ́, ṣé ojú wa ti rí nǹkan tó yẹ ká sọ? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bú ara yín.

Tíṣà Ìkẹ́rẹ́

Ọmọ Ìyìn, o ṣeun. Ìtàn ni mo fi ọgbọ̀n ọdún kọ́ ọmọ ọlọ́mọ, ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ látẹ̀yìn.

Ọba Skọ́tílándì, James Kẹfà, ló jẹ oyè ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì mọ́ tirẹ̀ lọ́dún 1603 nígbà tí Ọbabìnrin Elizabeth kú láì bímọ. Ọba di ẹyọ kan, ṣùgbọ́n ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ṣì jẹ́ méjì, òfin sì jẹ́ méjì. Nígbà tí ọ̀rúndún yẹn ń parí lọ, àwọn ará Skọ́tílándì kó owó jọ, wọ́n ní àwọn náà fẹ́ ní ilẹ̀ àmúnisìn tiwọn. Wọ́n kó èèyàn lọ sí Darien, ní ibi tó jẹ́ Panama lónìí. Ibà pa wọ́n, ebi pa wọ́n, àwọn ará Sípéènì lé ìyókù. Owó tí ọ̀pọ̀ ọlọ́lá ibẹ̀ ní ló bá a lọ.

Ọdún díẹ̀ lẹ́yìn ìyẹn, ní 1707, ni ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin Skọ́tílándì dìbò pé kí òun fúnra rẹ̀ tú ká, kí òun dara pọ̀ mọ́ ti London. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì san 398,085 pọ́ùn àti ṣílè mẹ́wàá, apá kan rẹ̀ sì lọ sọ́wọ́ àwọn tó pàdánù ní Darien. Ẹ fojú inú wo ohun tí ará ọjà máa sọ. Wọ́n jà ìjà ìgboro ní Edinburgh àti Glasgow, ṣùgbọ́n ará ọjà kọ́ ló ni ìbò.

Àmọ́ wọ́n fi ọgbọ́n kan wọ̀ ọ́. Òfin wọn, ìjọ wọn àti ilé ìwé wọn kò bá ti Gẹ̀ẹ́sì pọ̀. Títí di òní, ilé ẹjọ́ wọn yàtọ̀. Ta ló bá àwa jókòó ṣe irú àdéhùn bẹ́ẹ̀ ní 1914? Lugard so Gúúsù mọ́ Àríwá, kò sẹ́ni tó bi Ògògà, kò sẹ́ni tó bi Ewì.

Jagun Òkèmẹ̀sí

Tíṣà, ẹ kú iṣẹ́ o, àmọ́ ẹ ti sọ ọ́ di kíláàsì.

Bẹ́ẹ̀ ni lèmi máa dì, kí ilẹ̀ tó mọ́ ni mo ti máa wà lórí ìlà. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ ìtàn ìlú mi ò ní bi mí léèrè ìdí. Àwọn ajẹ́lẹ̀ Ìbàdàn wà káàkiri ilẹ̀ Èkìtì, wọ́n ń gba ìṣákọ́lẹ̀, wọ́n ń fi ojú ọmọ onílẹ̀ gbolẹ̀, títí Fábùnmi fi ní ó tó gẹ́ẹ́. Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà di Èkìtìparapọ̀, wọ́n gbé Ògèdèǹgbé ṣe olórí ogun, ogun Kírìjì sì jà láti 1877 títí wọ 1893. Ẹnikẹ́ni ò dìde nínú àwọn bàbá wa kó ní, "Owó wo la máa ná tá a bá kúrò lábẹ́ Ìbàdàn?"

Ẹ wo Norway. Wọ́n dìbò láti kúrò lára Sweden ní 1905: 368,208 ní bẹ́ẹ̀ ni, 184 ní bẹ́ẹ̀ kọ́. Ọgọ́sàn-án ó lé mẹ́rin péré! Àgbo ilé kan ní Òkèmẹ̀sí ju bẹ́ẹ̀ lọ. Áílándì kúrò lábẹ́ ìlú ọba kan náà yìí ní 1922. Ẹ dárúkọ ẹyọ kan nínú wọn tó ti bẹ̀bẹ̀ pé òun fẹ́ padà.

Àwọn tó ní bẹ́ẹ̀ kọ́ ní 2014, ẹrú Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n.

Ìyá Ìbejì (Glasgow)

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ẹ̀yin ará ilé. Ọmọ Ìjerò ni mí, Glasgow ni mo ń gbé, iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ni mo ń ṣe. Jagun, àbúrò mi, ọ̀kan nínú àwọn ẹrú Gẹ̀ẹ́sì tó o sọ ló ń bá ẹ sọ̀rọ̀ yìí. Mo dìbò lọ́jọ́ náà, bẹ́ẹ̀ kọ́ ni mo dì.

Ó lè ya yín lẹ́nu pé ìwé ìrìnnà Nàìjíríà ni mo ní nígbà yẹn. Òfin tí wọ́n fi ṣe é ni pé ẹni tó bá ń gbé ibẹ̀, tó jẹ́ ọmọ Kọ́mọ́nwẹ́ẹ̀tì tó ní ìwé ìgbélùú tàbí ọmọ Yúróòpù, ó lè dìbò. Ọmọ Skọ́tílándì tí wọ́n bí síbẹ̀, tó ń gbé London, kò lè dì í. Èmi ọmọ Ìjerò dìbò lórí ilẹ̀ wọn, ọ̀gá mi kan tí ìyá àti bàbá rẹ̀ wà ní Aberdeen, ṣùgbọ́n tó ti kó lọ sí Manchester, kò rí i dì. Àwọn ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún náà dìbò.

Ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní àdúgbò wa ni mo ti dì í. Aago méje àárọ̀ ni wọ́n ṣí i, aago mẹ́wàá alẹ́ ni wọ́n tì í. Pẹ́ńsù ni wọ́n kó síbi tí a ti ń tẹ̀ka, àwọn kan sì mú bírò tiwọn wá látilé nítorí wọ́n ní ẹnì kan lè fi rọ́bà pa pẹ́ńsù rẹ́. Mo rẹ́rìn-ín sínú. Ọdún yẹn kan náà, ní 21 oṣù kẹfà, ni Èkìtì dìbò gómìnà, tí gbogbo ayé ń pariwo ọ̀rọ̀ ìṣelú ikùn àti ráìsì. Wọ́n ń bẹ̀rù pẹ́ńsù níhìn-ín!

Ìdí tí mo fi ní bẹ́ẹ̀ kọ́ kò pọ̀. Gbèsè ilé wa wà lọ́wọ́ báńkì, owó ìfẹ̀yìntì mi ń lọ lóṣooṣù, kò sì sẹ́ni tó lè sọ fún mi irú owó tí wọ́n máa fi san án tí wọ́n bá kúrò. Ọkọ mi ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó lẹ bébà aláwọ̀ búlúù sí fèrèsé pálọ̀, mo ní kó yọ ọ́, kò yọ ọ́. Níbi iṣẹ́, ọ̀sẹ̀ méjì tó ṣáájú ìdìbò, a ò sọ ọ́ mọ́ nínú yàrá oúnjẹ, nítorí àwọn méjì kan ti bá a dé ibi tí wọn ò kí ara wọn. Ìlú tí mo ń gbé yìí gan-an ní bẹ́ẹ̀ ni. Nínú àwọn ìjọba ìbílẹ̀ 32, mẹ́rin péré ló ní bẹ́ẹ̀ ni, Glasgow wà lára wọn.

Alága Òpó

Jagun, mo ti rí "ẹrú Gẹ̀ẹ́sì" yẹn. Má ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́. Màmá Ìbejì, ẹ má bínú. Kí ẹnikẹ́ni má sì gbé ọ̀rọ̀ ìdìbò gómìnà 2014 wọlé sí i ju bẹ́ẹ̀ lọ, a mọ ibi tó máa já sí.

Jagun Òkèmẹ̀sí

Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ dákun, mi ò mọ̀ pé ẹ wà níbí. Mo dọ̀bálẹ̀. Ṣùgbọ́n mo ṣì dúró lórí ọ̀rọ̀ mi, ẹ̀yìn ọkọ yín ni mo wà.

Akọ̀wé Tó Ti Fẹ̀yìn Tì

Mo ń kà yín bọ̀ láàárọ̀. Jagun ní ká dárúkọ ẹni tó lọ tó kábàámọ̀. Gúúsù Sudan dìbò ní oṣù kìíní 2011, ìdá 98.83 ní bẹ́ẹ̀ ni, ìyẹn ju ti ọ̀pọ̀ ìlú lọ. Kí 2013 tó parí, wọ́n ti ń fi ìbọn pa ara wọn láàárín ara wọn. Mi ò sọ pé kí wọ́n padà o. Mo kàn ń sọ pé ọjọ́ ìdìbò kọ́ ni wàhálà ń bẹ.

Àkúrẹ́ ni mo ti ń ṣiṣẹ́ ìjọba lọ́jọ́ 1 oṣù kẹwàá 1996 tí Abacha kéde ìpínlẹ̀ mẹ́fà: Èkìtì, Bayelsa, Ebonyi, Gombe, Nasarawa àti Zamfara. A jó! Bí a ṣe ń jó nínú ọ́fíìsì ni àwọn ẹlẹgbẹ́ wa ará Oǹdó àti Ọ̀wọ̀ ń wò wá, a ò tiẹ̀ ráyè wo ojú wọn. Ogún ọdún la fi wà nínú Ìpínlẹ̀ Oǹdó, láti 1976.

Lẹ́yìn ijó ni pínpín dé. Orúkọ òṣìṣẹ́ ni wọ́n kọ́kọ́ pín. Ìyàwó ẹlòmíràn jẹ́ ọmọ Ìdànrè, òun jẹ́ ọmọ Ọ̀yẹ́, àwọn ọmọ wà nílé ìwé l'Ákùúrẹ́, ilé tó kọ́ wà ní Ọ̀bà Ilé. Wọ́n ní kó máa bọ̀ l'Ádó. Tábìlì ń kọ́? Fáìlì ń kọ́? Fáìlì ilẹ̀ Èkìtì kan wà tó jẹ́ pé inú rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ abúlé Oǹdó kan wà, nítorí ẹni tó ṣí i ní ọdún gbọọrọ sẹ́yìn kò mọ̀ pé a máa pínyà. A jókòó, a fi ọwọ́ dà á kọ, ojú ewé kan lẹ́yìn òmíràn. Nígbà tí a dé Adó, èèyàn mẹ́ta ni wọ́n fún ní tábìlì kan, ẹni tó bá kọ́kọ́ dé láàárọ̀ ló ń jókòó sí iwájú.

Èyí tó wá dùn mí jù ni epo. Ìlàjẹ ni epo rọ̀bì wà, Ìlàjẹ sì wà lọ́dọ̀ Oǹdó. Nígbà tí ìwé òfin 1999 wá ní kí ìpínlẹ̀ tó ń mú epo jáde máa gba ó kéré tán ìdá 13 nínú ọgọ́rùn-ún owó ohun tó wá láti ilẹ̀ wọn, Oǹdó wà níbẹ̀, Èkìtì ò sí níbẹ̀. A ò dìbò kí a tó lọ, ológun ló kéde rẹ̀. Tí wọ́n bá ní ká dìbò lónìí pé ká padà sọ́dọ̀ Oǹdó, èmi máa ní rárá. Iyì ni fún mi pé Adó jẹ́ olú ìlú. Ṣùgbọ́n tó bá di ọjọ́ owó oṣù, n ó rántí Ìlàjẹ.

Skọ́tílándì yàtọ̀ sí wa níbi èyí. Òkun tí epo wà, ti wọn ni ọ̀pọ̀ jù lọ rẹ̀ máa jẹ́. Ṣùgbọ́n gbèsè ńkọ́? Ilé ìṣúra London sọ ní oṣù kìíní 2014 pé òun máa dúró fún gbogbo gbèsè tí Ìlú Ọba ti jẹ, kí àwọn tó yáni lówó má bàa sá. Ìyẹn ò túmọ̀ sí pé Skọ́tílándì ò ní san ìpín tirẹ̀. Ibi tí ìjókòó gígùn máa wà nìyẹn.

Ọmọ Báńkì Adó

Bàbá, ẹ ti sọ ojú ọ̀rọ̀. Ẹ jẹ́ kí n fi ọwọ́ kan ti owó, nítorí ibẹ̀ ni Màmá Ìbejì ti bẹ̀rẹ̀.

Alex Salmond tó jẹ́ olórí ìjọba Skọ́tílándì nígbà náà ní àwọn máa bá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì jọ ná pọ́ùn. Ní oṣù kejì 2014, George Osborne, mínísítà ìṣúná London, ní kò ṣeé ṣe. Ẹgbẹ́ alátakò Labour àti àwọn Liberal náà sọ ohun kan náà. Ẹ rántí pé báńkì mẹ́ta ní Skọ́tílándì ń tẹ bébà owó tiwọn títí di òní: Bank of Scotland, Royal Bank of Scotland àti Clydesdale. Orúkọ ni, owó náà, pọ́ùn London ló dúró lé. Tí èèyàn bá gba òmìnira ṣùgbọ́n tí báńkì àpapọ̀ ọ̀dọ̀ ẹni tó kọ̀ sílẹ̀ ló ń pinnu èlé orí owó rẹ̀, òmìnira wo nìyẹn? Tó bá sì ṣe owó tirẹ̀, Màmá Ìbejì fẹ́ mọ iye tó máa jẹ́ ní àárọ̀ ọjọ́ kejì. Salmond kò rí èsì tó tẹ́ni lọ́rùn fún un. Lójú tèmi, ìyẹn ló pa ìbò náà.

Epo wá ńkọ́? Ìwé ètò tí wọ́n gbé jáde ní oṣù kọkànlá 2013 ṣírò pé àgbá epo kan máa ju ọgọ́rùn-ún dọ́là lọ. Ọjọ́ tí wọ́n fẹ́ fi ṣe ọjọ́ òmìnira ni 24 oṣù kẹta 2016. Ní oṣù kìíní 2016, àgbá epo kan ti já wálẹ̀, kò tó ọgbọ̀n dọ́là mọ́. Àwa náà mọ ohun tí ọdún 2016 yẹn fi ojú Nàìjíríà rí, pàápàá ẹ̀yin òṣìṣẹ́ ìjọba.

Ọmọ Òbò, Kwara

Ẹ dákun, ẹ má gbàgbé àwa tó wà lẹ́yìn ilé. Ìjọba ìbílẹ̀ kan wà ní Ìpínlẹ̀ Kwara tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Èkìtì. Araromi-Òpìn ni olú ilé iṣẹ́ rẹ̀. Ohùn wa, oúnjẹ wa, oríkì wa, Èkìtì ni, ṣùgbọ́n Ìlọrin ni gómìnà wa wà. Ẹ ò kó wa mọ́ra ní 1996. Gbogbo ìgbà tí Jagun bá ní "ilẹ̀ wa", mo máa ń fẹ́ bi í pé kí ló fi fa ààlà náà.

Ọ̀rọ̀ yìí wà ní Skọ́tílándì náà. Àwọn erékùṣù Orkney àti Shetland tó wà lókè pátápátá, tí òkun epo sì yí ká, ṣe bẹ́ẹ̀ kọ́ gan-an. Ti Orkney dé ìdá 67. Tí Skọ́tílándì bá ní ìdí tó fi lè kúrò lára Ìlú Ọba, kí ló dé tí Orkney ò lè kúrò lára Skọ́tílándì?

Ẹ tún wo Gúúsù Cameroon lọ́jọ́ 11 oṣù kejì 1961. Ohun méjì ni wọ́n kọ síwájú wọn: Nàìjíríà tàbí Cameroon. Òmìnira ò sí nínú bébà náà rárá. Àtìgbà yẹn ni awuyewuye ò ti tán níbẹ̀.

Àdùkẹ́ Ilé Ìwé Gíga

Ẹ̀yin àgbà, ẹ kú àlàyé. Mo kàn fẹ́ sọ pé ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún dìbò níbẹ̀ àmọ́ bàbá mi ò tíì jẹ́ kí n yan irú kọ́ọ̀sì tí mo fẹ́ 😂

Lọ́yà Adó

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti òfin, nítorí ibẹ̀ ni àwọn tó ń fi Skọ́tílándì ṣe ẹ̀rí ti máa ń fo.

Ìbò 2014 kò ṣẹ̀dá ara rẹ̀. Ẹgbẹ́ SNP gba àga 69 nínú 129 ní 2011, David Cameron tó jẹ́ olórí ìjọba Ìlú Ọba nígbà náà àti Salmond sì jókòó ní Edinburgh lọ́jọ́ 15 oṣù kẹwàá 2012, wọ́n fọwọ́ sí ìwé àdéhùn. London ló fi abala 30 òfin Skọ́tílándì ti 1998 yá wọn ní agbára láti ṣe é. Wọ́n fohùn ṣọ̀kan lórí ẹni tó máa dìbò, lórí àkókò, lórí ìbéèrè ẹyọ kan, wọ́n sì ṣèlérí pé àwọn máa gba èsì tó bá jáde. Ìyẹn ló fà á tí ẹnikẹ́ni ò fi yìnbọn, Ọmọ Ìyìn.

Nígbà tí ìjọba Nicola Sturgeon, ẹni tó gba ipò Salmond, fẹ́ ṣe òmíràn láì gba àṣẹ, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní Ìlú Ọba ní lọ́jọ́ 23 oṣù kọkànlá 2022 pé ilé ìgbìmọ̀ Edinburgh ò ní agbára bẹ́ẹ̀. Gbogbo àwọn adájọ́ ló fẹnu kò. Ẹ wá fi Catalonia, agbègbè kan ní Sípéènì, wé e. Sípéènì ò fọwọ́ sí ìdìbò 1 oṣù kẹwàá 2017, ọlọ́pàá fi kóńdó na àwọn olùdìbò, wọ́n sì rán àwọn aṣáájú wọn lẹ́wọ̀n ní 2019. Ọdún méjì lẹ́yìn náà ni ìjọba wá dárí jì wọ́n.

Ní tiwa, abala kejì ìwé òfin 1999 ní orílẹ̀-èdè kan tí kò ṣeé pín, tí kò ṣeé tú ká ni Nàìjíríà. Ìlú Ọba ò ní ìwé òfin ẹyọ kan tó ní irú gbólóhùn bẹ́ẹ̀. Àwọn tó ya wọ sẹkitéríàtì Ìbàdàn ní oṣù kẹrin 2024, tí wọ́n ní àwọn ti gba orílẹ̀-èdè Yorùbá, kí ni wọ́n rò pé ó máa ṣẹlẹ̀? Ọlọ́pàá àti ṣọ́jà kó wọn lọ sílé ẹjọ́. Ẹ tún rántí 1967 sí 1970. Ibi kan ṣoṣo tí ará ìlú ti fi ìbò yan agbègbè tiwọn ní Nàìjíríà ni Mid-West, ní oṣù keje 1963, ìyẹn náà sì wà nínú Nàìjíríà.

Jagun Òkèmẹ̀sí

Lọ́yà, ẹ gbọ́ ara yín. Ẹni tí mo fẹ́ kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀ ló gbọ́dọ̀ fún mi láṣẹ kí n tó kúrò. Tí kò bá fún mi láṣẹ títí ayé ńkọ́?

Ẹ sì wo ohun tí wọ́n fi bẹ́ẹ̀ kọ́ yẹn rà. Wọ́n sọ fún wọn ní 2014 pé tí ẹ bá lọ, ẹ máa já kúrò nínú Àjọ Yúróòpù. Wọ́n dúró. Ní 23 oṣù kẹfà 2016, Ìlú Ọba dìbò láti kúrò nínú Yúróòpù, ìdá 62 ní Skọ́tílándì ní àwọn ò fẹ́. Wọ́n fà wọ́n jáde pẹ̀lú rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi, Ìyá Ìbejì, ẹ bá mi sọ bó ṣe rí lára yín.

Lọ́yà Adó

Ìbéèrè rẹ dára, Jagun, mi ò sì ní fi ẹnu ṣeré sí i. Ilé ẹjọ́ Kánádà ló súnmọ́ èsì rẹ̀ jù. Ní 1995, Quebec, ìpínlẹ̀ kan níbẹ̀, fẹ́rẹ̀ẹ́ lọ: ìdá 49.42 ní bẹ́ẹ̀ ni, 50.58 ní bẹ́ẹ̀ kọ́. Ní 1998, ilé ẹjọ́ tó ga jù ní Kánádà sọ pé Quebec ò lè dá lọ láì bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀, àmọ́ tí ọ̀pọ̀ tó ṣe kedere bá ní bẹ́ẹ̀ ni sí ìbéèrè tó ṣe kedere, dandan ni kí Kánádà tó kù jókòó bá wọn dúnàádúrà. Kò sẹ́ni tó lè dá ti ilẹ̀kùn. Àríwá Áílándì náà ní tirẹ̀ nínú òfin 1998: tó bá jọ pé ọ̀pọ̀ èèyàn ibẹ̀ fẹ́ bá Áílándì lọ, mínísítà gbọ́dọ̀ pe ìdìbò. Skọ́tílándì ò ní irú rẹ̀. Àbùkù gidi nìyẹn, mo gbà bẹ́ẹ̀ fún ẹ. Ibi tí mo ti yàtọ̀ sí ẹ ni pé ọ̀nà yẹn ló yẹ kí èèyàn kọ́kọ́ jà fún.

Ìyá Ìbejì (Glasgow)

Jagun ní kí n sọ bó ṣe rí lára mi. Ó dùn mí. Nọ́ọ̀sì ará Sípéènì kan tí a jọ ń ṣiṣẹ́ kó ẹrù rẹ̀ padà sílé lọ́dún kejì, ọwọ́ rẹ̀ mọ́ ju ti gbogbo wa lọ. Ọkọ mi ò bá mi ṣe yẹ̀yẹ́, ó kàn dákẹ́, ìyẹn sì burú ju yẹ̀yẹ́ lọ.

Ṣùgbọ́n mo tún rí i pé kíkúrò lára Yúróòpù gan-an nira, ọdún mélòó ni wọ́n fi fà á. Ìwé, ààlà, kọ́sítọ́ọ̀mù, ẹja. Ti Skọ́tílándì àti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n ti so pọ̀ láti 1707 wá máa gba ọdún mélòó? Ó jọ pé àwọn tó ń dìbò ńbí náà ti rẹ̀. Àga 48 ni SNP ní nílé ìgbìmọ̀ London ní 2019. Ní 2024, mẹ́sàn-án ni wọ́n mú wálé.

Tí wọ́n bá tún gbé àpótí ìbò dé, ẹ ò ní gbọ́ èyí tí mo máa dì lẹ́nu mi níbí o. Ọkọ mi ń ka òpó yìí.

Tíṣà Ìkẹ́rẹ́

Ẹ jẹ́ kí n fi kan kún un kí n tó lọ jẹun, iyán ti délẹ̀.

Gbogbo yín ń sọ lọ tàbí dúró. Ọ̀pọ̀ ará Skọ́tílándì, àárín ni wọ́n wà. Ní 1 oṣù kẹta 1979 wọ́n bi wọ́n bóyá kí wọ́n ní ilé ìgbìmọ̀ tiwọn. Ìdá 51.6 ní bẹ́ẹ̀ ni, ṣùgbọ́n London ti ṣòfin pé àwọn tó ní bẹ́ẹ̀ ni gbọ́dọ̀ tó ìdá 40 nínú gbogbo orúkọ tó wà nínú ìwé olùdìbò, òkú àti alààyè. Kò tó o, wọ́n da á nù. Ní 1997 ìdá 74.3 ní bẹ́ẹ̀ ni, ilé ìgbìmọ̀ náà sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1999. Ìlera, ẹ̀kọ́, ọlọ́pàá, gbogbo rẹ̀ wà lọ́wọ́ Edinburgh. Ọlọ́pàá, ẹ gbọ́! Gómìnà Èkìtì lónìí ń pe ara rẹ̀ ní olórí ètò ààbò, ṣùgbọ́n Abuja ló ń fi kọmíṣọ́nnà ọlọ́pàá ránṣẹ́ sí i.

Lọ́jọ́ díẹ̀ sí ìdìbò 2014, nígbà tí ẹ̀rù ba London, àwọn olórí ẹgbẹ́ mẹ́ta fọwọ́ sí ẹ̀jẹ́ nínú ìwé ìròyìn pé tí ẹ bá dúró, a máa fún yín ní agbára sí i. Òfin 2016 fún wọn lágbára lórí owó orí. Mo rò pé ohun tí àwọn bàbá wa ń béèrè látọjọ́ pípẹ́ nìyẹn, kí Abuja sọ ẹrù kalẹ̀. Wọn ò fi ìyẹn sí orí bébà ìdìbò fún ará Skọ́tílándì, bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́ ni. Lójú mi, àṣìṣe Cameron nìyẹn, òun ló kọ̀ jálẹ̀ pé kí ìbéèrè jẹ́ ẹyọ kan.

Akọ̀wé Tó Ti Fẹ̀yìn Tì

Tíṣà, mo fara mọ́ ọn, pẹ̀lú ohun kan. Ẹ má gba agbára láì gba owó rẹ̀. Ìpínlẹ̀ tí a gbà ní 1996, ọ̀pọ̀ owó rẹ̀ ń wá láti Abuja lóṣooṣù. Kí Jagun tó lọ dìbò, kó kọ́kọ́ bi wọ́n níbi tí wọ́n ti ń gba owó orí l'Ádó, èló ni wọ́n ń rí gbà.

Jagun Òkèmẹ̀sí

Bàbá, màá bi wọ́n. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin náà ní ẹ ò ní padà sọ́dọ̀ Oǹdó, tòun ti epo Ìlàjẹ. Ẹ jẹ́ kí àwa náà sọ bẹ́ẹ̀ nípa Abuja.

Akọ̀wé Tó Ti Fẹ̀yìn Tì

Ó mú mi níbẹ̀ yẹn 😄 Ọmọ Fábùnmi ni lóòótọ́.

Ọmọ Òbò, Kwara

Ẹ ń rẹ́rìn-ín, ẹ ò tíì dá mi lóhùn. Lọ́yà, àwa ará Òbò, ibo lẹ fi wá sí?

Lọ́yà Adó

Má bínú, ẹ̀gbọ́n. Abala kẹjọ ìwé òfin ló sọ ọ́. Tí ẹ bá fẹ́ kí wọ́n yí ààlà padà, ìdá méjì nínú mẹ́ta àwọn aṣojú àdúgbò yín àti ti àdúgbò tí ọ̀rọ̀ náà kàn gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i, ní Abuja, nílé ìgbìmọ̀ ìpínlẹ̀ àti nínú ìjọba ìbílẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, ilé ìgbìmọ̀ méjèèjì l'Ábújá àti àwọn ilé ìgbìmọ̀ ìpínlẹ̀ tó kàn tún máa dìbò lé e. Ìyẹn ni pé láìsí Kwara, kò ṣeé ṣe.

Ọmọ Òbò, Kwara

Ẹ ṣeun. A jẹ́ pé Ìlọrin ni màá kọ́kọ́ lọ bẹ̀. Ẹ bá mi sọ fún Jagun kó má tíì fa ààlà rẹ̀.